Bí Ìfẹ́ Ohun Èlò Tuntun Ṣe Fi Wá Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá jáwọ́ nínú ohun kan tí ó ti ń dà á láàmú tipẹ́tipẹ́, a máa ń yìn ín. A ó ní ó gbìyànjú, a ó ní ó ṣẹ́gun ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó dìde ní ọjọ́ kan tí ó sì bá tirẹ̀ lọ, tí onílé kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí àlejò jáde, ǹjẹ́ ìyìn ha tọ́ sí onítọ̀hún bí? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, a ó sì fi ọ̀ràn kan tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ọ̀ràn gìtá ni.

Ẹni tí kò mọ ìṣe àwọn onígìtá òde òní yóò rò pé gìtá kan tó ènìyàn kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gìtá tí ń lo iná mànàmáná kì í dá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ a máa gba inú wáyà lọ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, àárín àwọn méjèèjì ni àwọn àpótí kéékèèké wà tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí àwọn olórin ń pè ní pẹ́dà. Ọ̀kan a máa mú kí ohùn há bí ohùn ẹni tí ó ti ké títí. Òmíràn a máa dá a padà bí gbohùngbohùn inú àpáta. Òmíràn a máa sọ ọ́ dà bí ẹni pé ènìyàn méjì ni ó jùmọ̀ ń ta gìtá kan náà. Kò sí èyí tí kò dára nínú wọn, kò sì sí òpin sí wọn. Ní ọdún 1994, Walter Becker, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Steely Dan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ ẹ̀fẹ̀ kan sínú ìwé ìròyìn àwọn onígìtá, níbi tí ó ti pe kíkó gìtá jọ ní àìsàn. Ẹ̀fẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn náà rí kì í rín ẹ̀rín rẹ̀ dé ìdí.

Àwa dùbúlẹ̀ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Láàrin ọdún wọ̀nyí a ra gìtá mẹ́ta, ẹ̀rọ agbóhùnsókè méjì, àti pẹ́dà méje, bẹ́ẹ̀ ni owó oṣù kátíkíìsì kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣe fàájì. Òru ni ìfẹ́ náà máa ń dé. Nígbà tí àwọn ará ilé bá ti sùn, a ó mú fóònù wa, a ó sì máa wo ọkùnrin kan ní ìlú òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ àpótí kan, tí ohùn dídùn sì ń jáde. A ó wí nínú ara wa pé èyí gan-an ni ó kù. Àwọn àgbà sọ pé ẹni tí kò mọ ijó jó ní í sọ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú. Àwa a máa ra ilẹ̀ tuntun ní oṣooṣù.

Ìfẹ́ irú èyí kì í sì í dá rìn. Diderot, amòye ará Faransé nì, kọ ọ̀rọ̀ kan ní ọdún 1769 nípa aṣọ ìwọ̀lé rẹ̀ àtijọ́ tí ó ti jù nù nítorí pé ó rí tuntun kan tí ó dára, aláwọ̀ pupa. Kò pẹ́ tí aṣọ tuntun náà wọ ilé tí ó fi rí i pé àga òun kò bá a mu mọ́, bẹ́ẹ̀ ni tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àwòrán ara ògiri; ó pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi di àlejò nínú yàrá ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún wa. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè tuntun tú àṣírí ariwo tí ó wà nínú gìtá àtijọ́. Gìtá tuntun jẹ́ kí a rí i pé wáyà wa kò dára. Nígbà tí wáyà dára tán, pẹ́dà tí ó ti tẹ́ wa lọ́rùn tẹ́lẹ̀ wá ń dún bí agolo létí wa.

A ó sọ èyí tí ó tì wá lójú jù. Ní ọdún 2019 owó àjọ kàn wá. A ti ṣèlérí fún ìyá wa pé bí ó bá ti kàn wá, a ó fi pààrọ̀ páànù orí ilé rẹ̀ ní abúlé, nítorí pé ẹ̀yìn ilé ti ń jò láti ọdún méjì. Ìrìn-àjò kan gbé wa dé Èkó ní ọ̀sẹ̀ náà, ẹsẹ̀ wa sì gbé wa dé ọjà Alábà. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni a gbé bọ̀. Nígbà tí ìyá wa béèrè, a sọ fún un pé owó àjọ kò tí ì kàn wá. Irọ́ ni. Ẹnu tí a fi pa á náà ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Òfin Mẹ́wàá. Òjò ọdún náà pọ̀, ìyá wa sì ń gbé abọ́ káàkiri inú yàrá rẹ̀. Ohun tí ó sọ fún wa kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ọmọ mi, àwọn alájọ rẹ mà lọ́ra o.”

Òǹkàwé yóò retí pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ náà kú. Ó dùn wá, a ronú pìwà dà, a kó owó jọ, a sì pààrọ̀ páànù náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí a tún ra pẹ́dà méjì. Ìrònúpìwàdà wa kì í ṣe ẹ̀tàn. Ó mú wa san gbèsè, ṣùgbọ́n kò kan gbòǹgbò.

Ohun tí ó kàn án kéré ní ojú. Ní ọdún 2022 tíráńsífọ́mà àdúgbò wa jó, a sì wà láìní iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Gbogbo ohun tí a ti fi ọdún mọ́kànlá kó jọ di igi àti irin lásán. Gìtá kan ṣoṣo ni ó lè dún nínú ilé, gìtá onípákó tí kò lo iná, tí a rà ní àlòkù nígbà tí a wà ní kọ́lẹ́jì, tí àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré. A so okùn rẹ̀ kí a lè fi gbe orin ní àdúrà ìrọ̀lẹ́. Nígbà náà ni a gbọ́ ara wa. A kò lè ti orí ohùn kan bọ́ sórí èkejì láìdúró díẹ̀ láàrin, bí ẹni tí ń wá ìlẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Àlàfo yìí ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pẹ́dà gbohùngbohùn ni ó ń dí i fún wa, nítorí pé ohùn tí ó kọjá a ṣì máa dún nígbà tí ìka wa ń ṣáko lọ. A kò sì lè fi ìka kan ṣoṣo tẹ okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí wọ́n dún geere, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gìtá máa ń kọ́ ní ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́.

Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lálaalẹ́, lábẹ́ àtùpà, pẹ̀lú ìtìjú. Ìka wa bó, ó sì le. Nígbà tí iná dé, tí àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, inú wa dùn fún omi tútù àti fún aṣọ lílọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin sì kọjá kí a tó rántí pé a kò tí ì ki wáyà bọ inú ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin náà ni a wá ṣàkíyèsí pé a kò wo ọkùnrin orí íntánẹ́ẹ̀tì nì mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń kẹ́gàn ohun èlò tuntun. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fi ẹ̀rọ sí gìtá rẹ̀ ní ọdún 1949, orin jùjú yí padà, nítorí pé gìtá tí ohùn rẹ̀ ti ga lè dúró láàrin ìlù púpọ̀, àti gángan pàápàá, láìjẹ́ pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1982, Démọ́lá Adépọ̀jù ta irú gìtá kan tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń tẹ́ sílẹ̀ ta, ó sì bá dùndún mu bí ẹni pé ilé kan náà ni a bí wọn sí. Àwọn wọ̀nyí mọ orin tí wọ́n ń wá ohun èlò fún. Àwa ń wá ohun èlò tí yóò fi orin hàn wá. Onílù ìdílé Àyàn a máa pààrọ̀ awọ ìyáàlù rẹ̀ bí ó bá ti ya, a máa tún ọṣán rẹ̀ fà, igi ìlù náà a sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sọ pé ojú rẹ̀ kì í wọ ìlù ẹlòmíràn. Ènìyàn ni òun náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lù ú tí kò dún re, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń bi léèrè.

Ẹnìkan lè wí pé ọ̀wọ́n ni ó wò wá sàn. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà; dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà ti kọjá 1,400 kí oṣù Èrèlé ọdún 2024 tó parí, pẹ́dà sì di ohun tí a ń gbọ́ iye rẹ̀ tí a ń di etí. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ kò lè sọ pé òun ń gbààwẹ̀. Èyí dà wá láàmú. Lóòótọ́ ìfẹ́ náà ti lọ ní ọdún kan ṣáájú, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ̀ bóyá ọ̀wọ́n ni ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí ó má padà wá? A sì mọ̀ pé àìní lè bẹ̀rẹ̀ ohun tí ìfẹ́ yóò tọ́jú dàgbà. Brian May, onígìtá ẹgbẹ́ Queen, kò ní owó gìtá ní ọdún 1963. Òun àti baba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀kan, wọ́n sì fi pákó ibi ìdáná àtijọ́ kan ṣe ọrùn rẹ̀. Ó di olówó, ó sì lè ra èyí tí ó bá fẹ́, gìtá náà ni ó ṣì ń ta. Willie Nelson ra tirẹ̀ ní ọdún 1969. Ìka rẹ̀ ti gbẹ́ ihò sí ara pákó rẹ̀, kò sì gbé e jù nù.

Ọlọ́run fún wa ní ìdánwò tí a fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ kan tí ó wà ní ìlú Ọba kọ̀wé sí wa pé òun ń bọ̀ wá sílé: “Ọ̀gá, kí ni kí n rà bọ̀ fún yín? Ẹ má wo ti owó, ẹ dákun.” A gbé fóònù sílẹ̀, a sì wá inú ara wa kiri, bí ẹni tí ń fi ahọ́n kan eyín tí ó ti ń dùn ún rí. Kò sí nǹkan níbẹ̀. A ní kí ó ra okùn gìtá bọ̀, ìdì mẹ́fà. Kí á má purọ́, bí a ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ tán ni ìgbéraga wọ inú wa, a sì ń retí kí ó yìn wá fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì wa. Ó ra okùn náà, kò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà a dáhùn ìbéèrè wa báyìí, pé ìyìn kò tọ́ sí wa. A kò ṣẹ́gun ìfẹ́ náà. Ebi ni ó jẹ́, ebi láti lè ta gìtá dáradára, a sì ń fi ohun tí kì í ṣe oúnjẹ bọ́ ọ. Ní ọjọ́ tí ó rí oúnjẹ rẹ̀, ó dákẹ́. Ìdí nìyí tí ìrònúpìwàdà wa kò fi kàn án ní ọdún 2019, nítorí pé a bínú sí ebi náà, a kò sì bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà lọ, gbèsè rẹ̀ kò bá a lọ. Irọ́ tí a pa fún ìyá wa kò mọ̀ pé a ti sàn. Ó dúró síbi tí a fi í sí.

Ní ọdún tí ó kọjá a lọ bá a ní abúlé, a sì jẹ́wọ́ fún un. A ti tà ẹ̀rọ agbóhùnsókè náà nígbà náà pẹ̀lú pẹ́dà mẹ́rin. Ó gbọ́ wa dé òpin, ó ń gé ilá lọ. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ ìkórè ọdún náà, nígbà tí òun jókòó sí ìlà kejì nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí òun sì gbọ́ bí gìtá ọmọ òun ti ń dún. Òun ti sọ fún ara òun pé páànù òun nìyẹn. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. A ní a ti tà á. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ariwo rẹ̀ ti pọ̀ jù.