Owó Ẹyọ Márùn-ún: Ìgbafẹ́ Ojú Omi ní Lekki àti Òṣùwọ̀n Ọmọlúàbí

Lójú Yorùbá, fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ dé ojú owó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó gbafẹ́, kó sì pe ọ̀rẹ́ àti ẹbí sí i. Ohun tí àwọn àgbà máa ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni pé ta ni fàájì náà ń ni lára. Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ kí a gbé síwájú àṣà kan tó ti gbilẹ̀ ní etí ọ̀sà Èkó, láti Lekki Phase 1 títí dé Ajah, níbi tí àwọn ọlọ́jọ́-ìbí, àwọn tọkọtaya tuntun àti àwọn tó wálé láti ìlú òyìnbó ní ìparí ọdún ti ń háyà ọkọ̀ ojú omi fún wákàtí mélòó kan tàbí fún odidi ọjọ́ kan. Ọkọ̀ náà ni wọ́n ń pè ní yacht, ìyẹn ọkọ̀ ìgbafẹ́ tó ní yàrá, àga tìmùtìmù, ibi ìdáná kékeré àti ẹ́ńjìnnì alágbára, tí ẹni tó háyà rẹ̀ kò sì ní fọwọ́ kan ìtukọ̀ rárá, nítorí pé owó tó san ti kó atukọ̀ àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ojú omi tí wọ́n ń gbà kún fún ìtàn. Odò tóóró tó ya Victoria Island àti Lekki kúrò lára Ìkòyí ni a mọ̀ sí Five Cowrie Creek, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó wá láti ara owó ẹyọ márùn-ún tí ọlọ́kọ̀ máa ń gbà láyé àtijọ́ kó tó gbé èrò sọdá. Afárá tó so Lekki mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2013, ló dábùú omi náà lónìí, abẹ́ rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ ti ń dẹ eré kí àlejò lè ya fọ́tò. Ọkọ̀ tó bá dorí kọ ìwọ̀ oòrùn lè kan Tarkwa Bay, kó kan Ìlàṣẹ, kó sì gba ojú omi títí dé Badagry. Èyí tó bá dorí kọ ìlà oòrùn yóò kọjá Ajah àti Badore, ó sì lè dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851.

Ọmọlúàbí, tí ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ sí ọmọ tí olú ìwà bí, ni orúkọ tí Yorùbá ń fún ẹni tí ìwà rẹ̀ pé. Nínú iṣẹ́ tí Wándé Abímbọ́lá ṣe lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ní ọdún 1975, ó ṣàlàyé pé láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe náà, wà, ni ìwà ti jáde, èyí tó fi hàn pé bí ènìyàn ṣe wà àti bí ó ṣe ń hùwà kò jìnnà síra wọn. Yorùbá sì tún ya olówó sọ́tọ̀ kúrò lára gbajúmọ̀: owó ló ń sọ ènìyàn di olówó, ṣùgbọ́n igba ojú ló ń mọ gbajúmọ̀, ojú àwọn tó jókòó sórí tìmùtìmù kò sì lè pé igba láé. Ojú apẹja wà nínú igba ojú náà, ojú ọmọ tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí bílíọ̀nù 5 náírà fún ọkọ̀ ìgbafẹ́ ààrẹ nínú àfikún ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ní ìparí ọdún 2023, ariwo ta débi pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin yí owó náà sí ti ẹ̀yáwó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Igba ojú ló ń wo ọkọ̀ yẹn.

Ìgbà ètò ni ìwà ti kọ́kọ́ máa ń hàn, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní èbúté. Ẹni tó sọ fún ọlọ́kọ̀ pé èèyàn méjìlá ni àwọn, tó wá kó mẹ́tàdínlógún dé pẹ̀lú kúlà àti ẹ̀rọ orin, ti purọ́, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín tó ń sọ pé kí wọ́n bá òun ṣe é. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó bí ó bá já sómi, kì í bí sí i nítorí pé àlejò pọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n bá ṣàdéhùn aago méjì ọ̀sán, tó dé ní aago márùn-ún nítorí gèlè wíwé, tó sì ta kú pé wákàtí òun gbọ́dọ̀ pé, ń fi dandan lé e pé kí wọ́n tukọ̀ wọ òru.

Òru ọ̀sà sì léwu. Omi náà kò jìn púpọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tó ń wa yanrìn ti sọ apá kan di kòtò tí òkìtì yanrìn sì kù sí apá kejì, igi tí apẹja rì mọ́lẹ̀ kí ẹja lè sá sí wà káàkiri, koríko ojú omi tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní apá Badagry ní ọdún 1984 sì máa ń lọ́ mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyí tí LASWA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2008 láti máa bójú tó ojú omi, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀, fi ń kìlọ̀ nípa àpọ̀jù èrò, ìrìn alẹ́ àti àìwọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló ni àṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé. Ẹni tó bá ń rì kò ní bèèrè èwo nínú wọn ló jàre.

Bí atukọ̀ bá wá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, omi ti fà, ẹ jẹ́ ká mú sùúrù díẹ̀," tí oníbàárà sì dáhùn pé, "Ṣé mi ò sanwó ni?", ìdáhùn tí iṣẹ́ atukọ̀ náà kò jẹ́ kó lè sọ síta ni pé ó sanwó ọkọ̀, kò sanwó omi. Omi kì í wo owó: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó ní ọdún 1908, yanrìn tó dí ẹnu ibẹ̀ máa ń mú kí ọkọ̀ ńlá dúró sójú agbami, tí ọkọ̀ kéékèèké yóò wá kó èrò inú rẹ̀ wọlé, olówó àti tálákà. Ìtẹríba tí Yorùbá kà mọ́ ìwà ọmọlúàbí kì í ṣe fún àgbà nìkan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí i, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún tó ń wọ sálúbàtà.

Ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù ni ìgbì tí ọkọ̀ ń fà, àwọn tó ń fà á kì í sì í sábà rí i, nítorí pé ẹ̀yìn wọn ló wà. Apẹja kan wà nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tí etí rẹ̀ fi nǹkan bí àtẹ́lẹwọ́ kan ga ju omi lọ, ó ti ta àwọ̀n láti òwúrọ̀, ó sì fi ike òfìfo ṣe àmì sí i. Bí ọkọ̀ ńlá bá sáré kọjá, ìgbì àkọ́kọ́ yóò gbé e sókè, èkejì yóò da omi sínú ọkọ̀ rẹ̀, yóò ju àjẹ̀ sílẹ̀, yóò mú agolo, yóò máa gbọ́n omi kíákíá nígbà tí àwọ̀n ti ń ká mọ́ra. Atukọ̀ tó mọṣẹ́ á ti dẹ eré kó tó dé ibẹ̀, á na ọwọ́ kí i, "Ẹ kú iṣẹ́ o," apẹja á sì gbé àjẹ̀ sókè dá a lóhùn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà, síbẹ̀ àwọn oníbàárà kan máa ń bínú sí i pé eré ni àwọn háyà.

Etí omi tí àlejò ń yà ní fọ́tò náà ní àwọn tó ti gbé ibẹ̀ rí. Ní oṣù Keje ọdún 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Rájí Ràsákì wó àdúgbò Màrókò, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé. Láàrin oṣù Kọkànlá ọdún 2016 àti oṣù Kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn apẹja Ẹ̀gùn kúrò ní Otodo Gbame, abúlé kan létí ọ̀sà ní Lekki, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó sọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 pé lílé náà tako ẹ̀tọ́ wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó kan àwọn ará Tarkwa Bay. Kò sí ẹni tó ní kí ọlọ́jọ́-ìbí máa sunkún kọjá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe ètò, tó sì mọ̀, kò yẹ kó sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní Badagry, lórí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí àwọn ẹrú ti bẹ̀rẹ̀ àjò àrèmabọ̀, ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n pa ẹ̀rọ orin.

Bí ọkọ̀ bá padà sí èbúté ní ìrọ̀lẹ́, àlejò yóò sọ̀ kalẹ̀ wá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọn, ọmọṣẹ́ á máa ṣa ike àti ọ̀rá nínú ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn sómi, èyí tí ẹni tó pè wọ́n jọ ì bá ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n kó sínú àpò kan. Àwọn kan máa ń dúró dúpẹ́, wọ́n á bèèrè orúkọ ọmọ náà kí wọ́n tó fi owó sí i lọ́wọ́. Atukọ̀ kì í sábà gbọ́, nítorí pé láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ló ń sá sórí irin létí ọkọ̀, tó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi sọ fún ara rẹ̀ pé méjìlá pé.