Ta Ló Pàdánù Nígbà Tí Ọjọ́ Yí Padà?

Ní ọdún 2018, àǹtí mi tó ń gbé ní Atlanta wá kí ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kó padà ni àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Àǹtí mi pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n bá òun sún ọjọ́ síwájú. Wọ́n ní kó san dọ́là 300, kó tún san ìyàtọ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé e. Kò ní in. Ó sọ fún wa pé iṣẹ́ ń dúró de òun, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá àgbà kú.

Nígbà tí a gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, mo bínú. Màmá mi, tó jẹ́ aránṣọ, kò bínú tó mi. Ó ní, "Bí oníbàárà bá san àsanlẹ̀, tí mo ti gé aṣọ rẹ̀, tó wá ní òun ò ṣe mọ́, ṣé kí n dá owó rẹ̀ padà ni?" Ọ̀rọ̀ yìí pa mí lẹ́nu mọ́. Bí bàálù bá ti gbéra, àga tó ṣófo nínú rẹ̀ kò ṣeé tà mọ́ láéláé. Ẹni tó mú kó ṣófo jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n màmá mi máa ń wo aṣọ náà kó tó dáhùn. Bí kò bá tíì gé e, á dá owó padà. Àwọn tí àǹtí mi bá sọ̀rọ̀ kò wo nǹkan kan. Wọn ì báà ti rí ẹlòmíràn ra àga náà, dọ́là 300 ni. Lójú tèmi, owó tí kò bá béèrè bóyá àdánù wà kì í ṣe ẹ̀san àdánù mọ́.

Àwọn kan lè ní ilé-iṣẹ́ kò lè dúró láìsí owó yìí. Ní 2020, nígbà tí kòrónà mú kí ẹ̀rù máa ba èèyàn láti ra tíkẹ́ẹ̀tì, United, Delta àti American fúnra wọn fagi lé e lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì, àyàfi àwọn tó rọjú jù. Ìyàtọ̀ owó nìkan ló kù. Wọ́n ṣì ń fò. Àmọ́ nígbà tí Delta mú un dé ìrìnàjò òkè òkun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Àríwá Amẹ́ríkà ni wọ́n dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ bàálù wọn kan náà ló ń ná Atlanta sí Èkó. Ẹni tó gbéra ní Atlanta wá wo ìyá rẹ̀ wà nínú ìlérí yẹn. Ìyá tó gbéra ní Èkó lọ wo ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àga ta ló ṣófo ju ti ẹnìkejì lọ?

Mo ka ohun tí mo kọ yìí fún màmá mi. Ó gbé àlùmọ́gàjí sílẹ̀, kò sọ̀rọ̀ kan nípa ilé-iṣẹ́ bàálù. Ó ní, "Ká ní ó sọ fún mi pé owó ni, ǹ bá ti ta ẹ̀rọ kan."