Ẹ̀mí Ta Ni A Ń Fi Ṣeré?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàrin ara wa ní ọdún 2020 tí a kò sọ parí. Àrùn náà rọlẹ̀, olúkúlùkù gba oko àti ọjà rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ náà sì dúró síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ eré àwọn ọ̀dọ́ wa ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá wà ní ìlú, ṣé ó tọ́ kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ máa péjọ láti ṣe eré? Bí ó bá sì tọ́, ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ó tọ́?

Ẹ rántí bí ó ti rí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹni àkọ́kọ́ ti gbé àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé àrùn àwọn ará Èkó àti àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfúrufú ni. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Ọdún Àjíǹde ni wọ́n kéde àwọn tí ó kọ́kọ́ ní in ní Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa, ìjọba sì ní kónílé gbélé. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ni Àjíǹde bọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìjọ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ ti máa ń rí ní irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀: Pílátù ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, àwọn obìnrin tí yóò lọ sí ibojì ti yá aṣọ funfun lọ́wọ́ ìyá wọn, ẹni tí yóò ṣe Pétérù sì ti ń kọ́ ẹkún sísun láti ọjọ́ Ajé. Ó dun àwọn ọmọ púpọ̀ nígbà tí a ní kí wọ́n tú ká.

Wọ́n sì ní èsì tiwọn. Bí a bá ní kí wọ́n dúró ná, wọn a ní, “Mọ̀mí, ara wa le. Ọlọ́run tí à ń ṣe eré fún yóò ṣọ́ wa. Bí ó bá tilẹ̀ mú wa, kò ní ju ibà lásán lọ.” Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ohun tí àwọn oníṣègùn rí káàkiri ayé ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó kó àrùn yìí ni kò ṣe wọ́n ju ọ̀fìnkìn lọ, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn kó o. Àwọn arúgbó ni ó ń pa jù, àti àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ. Ẹni tí ó kó o sì lè máa fún ẹlòmíràn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ara tirẹ̀ tó sọ fún un rárá.

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà. Ìgboyà dára, ṣùgbọ́n kí a wo àpò ẹni tí a ti ń ná an. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí ó ní òun kò bẹ̀rù, kì í ṣe ẹ̀mí tirẹ̀ ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́. Ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń ṣa ẹ̀wà, tí ó ń retí kí ọmọ náà dé kí wọ́n jọ jẹun, òun ni yóò san gbèsè náà. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Kò sí níbi tí wọ́n ti ń dán eré wò, kò sì mọ ẹni tí ó wúkọ́ sí ọmọ rẹ̀ lára. Ní ìlú bíi Òkè-Onígbìn, ọ̀pọ̀ ẹni tí agbára wà lára wọn ti wá iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin àti Èkó, àwọn àgbà àti àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n jọ ń gbé, nígbà mìíràn nínú yàrá kan ṣoṣo. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọmọ lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu nítorí ìhìnrere. Kò lè fi ti ìyá àgbà wéwu kí ó sì pè é ní ìgbàgbọ́.

Àwọn kan nínú wa yóò ní, kí ni a tilẹ̀ ń wá lọ sínú eré nígbà àrùn? Ṣé eré ni oúnjẹ? Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún 1944 ni Hubert Ogunde, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó, ìjọ Aládùúrà kan ni ó sì ṣe é fún. Inú ìjọ ni òkìkí eré Yorùbá ti jáde lọ sí gbogbo ayé. Ọdún 1985 ni Mike Bamiloye bẹ̀rẹ̀ Mount Zion ní Ilé-Ifẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa sì ti jókòó sí iwájú tẹlifíṣọ̀n nítorí rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ wo ọmọ tí kì í lè gbójú sókè sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tí a fún ní ipa Ẹ́sítérì, tí ó wá dúró níwájú ọba. Ọmọ náà kì í padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí a fi eré sílẹ̀, kí ó mọ̀ pé ohun gidi ni òun ń gbà lọ́wọ́ ọmọ.

Àmọ́ kí àwa náà mọ bí àrùn yìí ti ń rìn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan ní ìlú Mount Vernon, ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, péjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan láti kọ́ orin. Ènìyàn 61 ni wọ́n, wọ́n sì lo bíi wákàtí méjì ààbọ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa àrùn náà, wọn kò bọwọ́, wọn kò dì mọ́ ara wọn, oògùn ìfọwọ́ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní ohun tí ó jọ ọ̀fìnkìn. Nígbà tí wọ́n ka iye wọn, 53 nínú àwọn 61 ni ó ti ṣàìsàn, méjì sì kú. Ọwọ́ wọn mọ́, èémí ni kò mọ́. Ẹni tí ó ń kọrin sókè tàbí tí ó ń ké bí Hẹ́rọ́dù lórí ìtàgé ń tú èémí jáde ju ẹni tí ó dákẹ́ lọ fíìfíì, bí fèrèsé bá sì wà ní títì, inú yàrá náà ni èémí ọ̀hún ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ àwa gbé garawa omi àti ọṣẹ sẹ́nu ọ̀nà ní ọ̀pọ̀ ìjọ, a sì ti fèrèsé nítorí ọyẹ́! Ọwọ́ fífọ̀ dára fún ọ̀pọ̀ àrùn mìíràn, ẹ má fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ni kí a kọ́kọ́ wá, àti ìbòmú fún ẹni tí kì í ṣe ipa tirẹ̀ lọ́wọ́.

John Wesley fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní òfin mẹ́ta ní ọdún 1743. Kí a má ṣe ibi ni ó kọ́kọ́ fi sí i, kí ó tó kan rere ṣíṣe. Ẹnìkan lè mú èyí, kí ó ní kí a ti ilẹ̀kùn pa pátápátá, kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn títì kò wẹ ọwọ́ wa mọ́. Ní ọdún 2020 ilé-ẹ̀kọ́ wà ní títì fún oṣù púpọ̀. Àwọn tí ó ní ìdánwò àṣejáde nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbà padà ní oṣù Kẹjọ. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, ọmọbìnrin kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì lọ kàwé nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí ó dá ní ìlú Benin, nítorí pé kò sí ilé-ẹ̀kọ́ láti lọ. Wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n hùwà ìkà sí i, ó sì kú. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni àwọn gómìnà gbogbo ìpínlẹ̀ jọ kéde pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ ti di pàjáwìrì. Àwa obìnrin kò nílò kí gómìnà sọ fún wa. A mọ̀ pé nígbà tí a ní kí ọmọ máa lọ sí ilé, kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ààbò, àti pé ibi eré ni ibi kan ṣoṣo tí àgbàlagbà ti ń wo ojú àwọn ọmọ mìíràn dáadáa.

Bí títì bá ń pa ní lára, tí ṣíṣí náà ń pa ní lára, kí ni kí a ṣe? Mo rò pé a ti so ohun méjì pọ̀ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀. Ìdánrawò yàtọ̀ sí ọjọ́ eré. Ọmọ mẹ́jọ lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n jìnnà sí ara wọn, tí wọ́n lo wákàtí kan tí wọ́n sì tú ká kí ilẹ̀ tó ṣú, ewu rẹ̀ kéré. Ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ Kérésì, tí ìdajì wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó, tí àwọn ìyá àgbà sì jókòó sí iwájú kí wọ́n lè ríran dáadáa, ewu ńlá ni. Ohun tí eré ń ṣe fún ọmọ, inú ìdánrawò ni púpọ̀ rẹ̀ wà. Ta wá ni ó ń fẹ́ ọjọ́ ńlá náà? Kí a má tan ara wa jẹ: àwa àgbà ni. Àwa ni a fẹ́ alága ayẹyẹ, ìwé ètò tí fọ́tò wa wà nínú rẹ̀, àti owó tí àwọn ọmọ ìlú yóò dá. Ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ nígbà àrùn, kí ó tó kan ti àwọn ọmọ.

Ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun kékeré kò já mọ́ nǹkan. Nígbà tí àjàkálẹ̀ lúkúlúkú ti ọdún 1918 gba èbúté Èkó wọ ilẹ̀ wa, àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò pé yóò tó ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn tí ó pa ní Nàìjíríà. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kó ara wọn jọ láti gbàdúrà ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, tí olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Odunlami, sì wà nínú wọn. Wọn kò pọ̀. Àwọn ni a ń kà mọ́ orísun ìjọ CAC lónìí.

Ohun kan kù tí ó ń dà mí láàmú ju ti fèrèsé lọ: ikọ́ tí ọmọ gbé pamọ́. A lè ṣe òfin pé kí ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná má wá. Ọmọ tí ó ti kọ́ ipa Jósẹ́fù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ó mọ̀ pé bí òun kò bá wá, wọn yóò fún ẹlòmíràn, yóò gbé oògùn mì, yóò sì wá. Ẹni tí wọ́n ti fi ṣe ẹlẹ́yà pé “Kòrónà ti dé” kò ní sọ òótọ́ mọ́ láéláé. Nítorí náà àwa tí a ṣe òfin ni a sọ ọmọ di òpùrọ́. Ẹni méjì ni kí ó kọ́ ipa kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ó bá sọ pé ara òun kò yá yóò bá ipa rẹ̀ níbi tí ó fi í sí. Kí olùdarí eré fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dúró sí ilé nígbà tí ọ̀fìnkìn bá mú un, kí wọ́n rí i.

Nígbà mìíràn ènìyàn ní láti le, kí wọ́n sì bínú sí i. Ní oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n fẹ́ kí ilé ìwòsàn kan ní Èkó jẹ́ kí ọkùnrin ará Làìbéríà tí ó ní Ẹ̀bólà lọ sí ìpàdé ní Calabar. Dókítà Ameyo Adadevoh kọ̀. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ni ó kó o ní Nàìjíríà, 8 ni ó kú, ó sì parí síbẹ̀. Àwọn tí ó gbà là kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà.

Lóòótọ́, àjọ ìlera àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé Kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì mọ́. Ní ọdún kan náà ni àrùn diphtheria ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, òun náà sì ń bá èémí àti ikọ́ rìn. Òmíràn yóò dé. Mo fẹ́ kí a ti múra kí ó tó dé: kí ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa máa bá àwọn ọ̀dọ́ jókòó níbi ìdánrawò, kí ó ní ìwé kékeré kan tí yóò máa kọ orúkọ ẹni tí ó wá sí, àti ẹni tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bá gbé nílé. Bí ìyá àgbà bá wà nínú ilé ọmọ náà, kí a lọ bi í kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí a jókòó, kí a ṣàlàyé fún un, kí a sì gba bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ tí ó bá sọ. Bí ó bá ní rárá, ọmọ rẹ̀ lè máa kọ ọ̀rọ̀ eré náà sílẹ̀ nílé, kí ó máa fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo mọ ìyá mẹ́ta tí yóò ní rárá, mo sì mọ ọ̀kan tí yóò ní kí a fún òun náà ní ipa.