Dókítà Májẹ̀kódùnmí àti Oṣù Méje ní Ìbàdàn

Bí wọ́n bá ń ka àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó gbé iṣẹ́ ìṣègùn dé ibi gíga, orúkọ Moses Adékóyèjọ Májẹ̀kódùnmí kì í gbẹ́yìn. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1916. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Trinity College, Dublin, ó padà wálé, ó di àgbà dókítà ìgbẹ̀bí ní Èkó. Ẹni tó ti dúró ti obìnrin tó ń rọbí lóru, tó mọ bí ìyá àti ọmọ ṣe lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́ kí a tó ṣẹ́jú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti kọ́ sùúrù ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ fi ojú ọmọlúàbí wo oṣù méje tí agbára gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. N kò ní ba òkú jẹ́, n kò sì ní tìtorí pé ó ti kú kí n pọ́n ọn kọjá bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe ìbò ló gbé e dé ìjọba. Sẹ́nétọ̀ tí wọ́n yàn ni. Tafawa Balewa, Olórí Ìjọba Àpapọ̀, fọkàn tán an, ó sì fi í ṣe mínísítà ètò ìlera. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 1962, ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nínú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti kọjá ohun tí àgbà lè parí nínú yàrá. Aṣòfin 66 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ Gómìnà, yọ ọ́ nípò, ó sì fi Dáúdà Adégbẹ́nró, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, rọ́pò rẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀, kò lọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, àwọn aṣòfin fi àga lu ara wọn nílé ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ọjọ́ kẹrin sí i ni ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó kéde ìjọba pàjáwìrì. Wọ́n ní kí Májẹ̀kódùnmí lọ máa ṣe alákòóso ní Ìbàdàn, kí gómìnà, olórí ìjọba àti àwọn mínísítà Ìwọ̀-Oòrùn ṣì yàgò ná.

Ifọ̀, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn lónìí, wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Mòwé àti Ìbàfò náà wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko àti abúlé ni ibi tí ilé ti kún bámúbámú lónìí. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kò tíì sí nígbà náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn fúnra rẹ̀ sì ṣì ku ọdún mẹ́rìnlá kó tó dé. Ẹni tó bá ń gbé ẹrù oko wọ rélùwéè ní Ifọ̀ lọ́dún yẹn ti di ẹni tí ìjọba tí kò dìbò fún ń ṣàkóso, tí kò sì lè fi ìbò yọ.

Ṣé ó yẹ kó gba iṣẹ́ náà? Èmi gbà pé ó yẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ilé ń jó lọ́jọ́ yẹn, ẹni tó bá sì mọ̀ pé wọ́n lè fi àjòjì tí kò mọ orírun wa jọba lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí, kò burú bó bá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ. Ìwà akin wà nínú rẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó gbà á ló ń dùn mí.

Àṣẹ àhámọ́ ni. Wọ́n kó àwọn olóṣèlú tinú-tòde, Awólọ́wọ̀, Akíntọ́lá, Adégbẹ́nró, wọ́n pín wọn sí ibi tí wọn kò gbọdọ̀ kúrò. Lẹ́kì ni wọ́n sọ Awólọ́wọ̀ sí, tó jẹ́ abúlé létí òkun nígbà náà, kì í ṣe Lẹ́kì olówó tí a mọ̀ lónìí. Kò sí ẹjọ́ tí wọ́n pè wọ́n sí kí wọ́n tó dè wọ́n mọ́lẹ̀. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ẹnìkan pàápàá kò tíì wáyé níhìn-ín. Tí ó bá jẹ́ sójà ló ṣe é, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n dókítà ni. Dókítà kì í fún gbogbo ará ilé lábẹ́rẹ́ nítorí pé ara ẹnìkan ń gbóná. Yóò kọ́kọ́ bi olúkúlùkù léèrè ibi tó ń dùn ún. Nígbà tí ìdè náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú, àwọn tó wà lẹ́yìn Akíntọ́lá ló tètè rí ìtura, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà lẹ́yìn Awólọ́wọ̀ sì dúró síbẹ̀. Ibi yìí ni òṣùwọ̀n ti tẹ̀ sí apá kan. Ẹni tí a pè láti wá làjà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí aráyé rí apá tó fẹ́ràn.

Ẹnìkan wà tó gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Rótìmí Williams, àgbà amòfin, tí òun náà wà lára àwọn tí wọ́n há mọ́, pe Májẹ̀kódùnmí lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1962. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìjọba pàjáwìrì fúnra rẹ̀ kò bófin mu. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àṣẹ tó há Williams mọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, pé ìjọba kò rí ìdí gúnmọ́ fi hàn tó fi yẹ kí a gba òmìnira lọ́wọ́ ọmọ ènìyàn. Títí di òní ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ẹjọ́ yìí. Ó wù mí kí àwọn tó ń di agbára mú máa kà á, torí ó fi hàn pé ènìyàn rere pẹ̀lú lè ṣe àṣejù bí kò bá sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun.

Oṣù Kejìlá 1962 ló kù tó ń gún mi lọ́kàn jù. Ìjọba pàjáwìrì parí, gbogbo ènìyàn sì ń retí pé ìbò ni yóò kàn, kí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn fẹnu ara wọn sọ ẹni tí wọ́n ń fẹ́. Ìbò kò wáyé. Wọ́n dá Akíntọ́lá padà sórí àga ní oṣù Kìn-ín-ní 1963. Awólọ́wọ̀ ti ń jẹ́jọ́ ọ̀tẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá kí 1963 tó parí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn adájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ pé Gómìnà kò ṣẹ̀ nígbà tó yọ Akíntọ́lá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sáré tún òfin ṣe kí ìdájọ́ náà má bàa já mọ́ nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn wẹ́tìẹ̀ lẹ́nu àwọn òbí yín mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí lẹ́yìn ìbò oṣù Kẹwàá 1965: ilé jó, ènìyàn jó. Nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1966, àwọn sójà pa Balewa, wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

N kò ní di gbogbo èyí lé orí Májẹ̀kódùnmí. Èkó ni wọ́n ti ń pàṣẹ. Àmọ́ kò fi ipò sílẹ̀, kó ní bí ìbò kò bá wáyé, òun kò lọ́wọ́ sí i. Ó jẹ́ olóòótọ́ sí Balewa, ọ̀rẹ́ tó rán an níṣẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni kéèyàn má da ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlú tí a fi síkàáwọ́ ẹni ju ọ̀rẹ́ lọ, ibẹ̀ sì ni èmi rò pé ó ti kùnà.

Ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ìyókù ayé rẹ̀ o. Ó padà sídìí iṣẹ́ mínísítà ètò ìlera. Ní 1963, òun ni ààrẹ àpéjọ àgbáyé ti Àjọ Ìlera, WHO, ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlógún. Lẹ́yìn tí sójà gba ìjọba, ó padà sídìí iṣẹ́ tó kọ́. Ní 1968, ó dá ilé-ìwòsàn St. Nicholas sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ìwòsàn náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn ní Nàìjíríà, ní 2000. Ọdún 2012 ló tó kú. Mo bọ̀wọ̀ fún ìpadà sídìí iṣẹ́ yìí gan-an. Mélòó nínú àwọn tó fi iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ wọ òṣèlú lónìí ni iṣẹ́ náà ṣì mọ̀?

Ọmọ Ẹ̀gbá mìíràn tún wà, Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé, tó ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Ìjọba sójà ló sìn, kò sì sí ẹni tó dìbò fún òun náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó darí agbára sí: abúlé. Ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ni ìjà tó jà, abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ ọwọ́, omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí ìyá lè pò nínú ilé fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ní oṣù Kẹjọ 1997, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń fi àrùn éèdì pamọ́ nítorí ìtìjú, ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ní éèdì ló pa Fẹlá àbúrò òun. Òótọ́ tó ń dun ẹni tó ń sọ ọ́ ni, ó sì sọ ọ́ kí ọmọ ọlọ́mọ lè yè. Bí wọ́n bá ní kí n fi ẹnìkan han ọmọ mi pé báyìí ni ọmọlúàbí ṣe ń lo àga ìjọba, òun ni n ó tọ́ka sí.

Ní Mòwé àti Ìbàfò lónìí, bí aboyún bá ń rọbí lóru tí ọ̀rọ̀ sì le, Ṣágámù tàbí Èkó ni wọn yóò gbé e forí lé, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ márosẹ̀ bá gbà. Ti Ifọ̀ ń wo ọ̀nà ilé-ìwòsàn Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta. Ilé-ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ wọn jù wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, Ọbáfẹ́mi-Owódé níhìn-ín, Ifọ̀ lọ́hùn-ún, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa tọ̀ wọ́n lọ tààrà. Nítorí náà, bí dókítà kan bá bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, tó wọ agbádá, tó wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, kó sọ fún wa ta ni yóò wà nílé-ìwòsàn yẹn ní aago méjì òru, ta ni yóò san owó iṣẹ́ rẹ̀, àti ohun tí òun yóò ṣe lọ́jọ́ tí ẹni tó gbé òun dé ipò bá ní kí òun dákẹ́.