Ta Ni Ó Jẹ̀bi: Ẹni Tí Kò Ka Owó, Àbí Ẹni Tí Kò Kọ́ Ọ?

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò. Ká ní ọmọ méjì jọ gba yàrá ní Agbowó, ní òdìkejì Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dá ₦15,000 fún oúnjẹ oṣù kan, ẹnì kan nínú wọn sì ń tọ́jú owó náà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, owó ti tán. Kò jalè, kò fi ṣe fàájì. Kò kà á ni. Ǹjẹ́ a lè pè é ní ẹni tó ṣeé fọkàn tán?

Ọ̀pọ̀ yóò ní ọkàn rẹ̀ mọ́, kò lẹ́bi. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Owó ẹnì kejì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmánà ni. Ẹni tó gba àmánà ti gbà láti ṣọ́ ọ, a kò sì lè ṣọ́ ohun tí a kò mọ iye rẹ̀. Bí ó bá pín ₦30,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, ì bá mọ̀ pé ₦1,000 ni ti òòjọ́, àti pé ₦12,000 ló yẹ kó ṣì kù lọ́jọ́ náà. Bóyá olè ló kó owó lọ o, bóyá àìkà ni o, ebi kan náà ni yóò pa ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló jẹ̀bi. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa òbí ni a ń san gbogbo owó, tí a ń ná gbogbo ọjà, tí ọmọ kò mọ iye tí ilé ń jẹ. Bí wọ́n bá ní owó ilé jẹ́ ₦200,000, tí àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí kọmíṣọ̀n àjẹ́ńtì náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ₦200,000 ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mú lọ. ₦40,000 tó kù di gbèsè, gbèsè a sì máa bí irọ́.

Àwọn kan yóò ní ahun ló ń ka owó, pé Ọlọ́hun ni olùpèsè. Òótọ́ ni pé Òun ni olùpèsè. Síbẹ̀, Al-Kùránì pín ogún ní ìdajì, ìdá mẹ́rin, ìdá mẹ́fà àti ìdá mẹ́jọ. Àáyà tó gùn jù nínú rẹ̀, ìkejìlélọ́gọ́rin-lé-nígba nínú Súrátùl Bákárà, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀. Nígbà tí al-Khwarizmi kọ ìwé áljẹ́bírà rẹ̀ ní Bàgídáàdì, ní nǹkan bí ọdún 820, ó ní ogún pínpín, òwò àti ilẹ̀ wíwọ̀n wà lára ohun tí òun kọ ọ́ fún. Ahun kò fẹ́ kí owó jáde. Ẹni tó ń ṣírò fẹ́ mọ ẹ̀tọ́ ta ni ó ń jáde lọ.

Ẹ wo àwọn ìyá wa ní ọjà Bódìjà. Ọ̀pọ̀ wọn kò di pẹ́ńsù mú rí, síbẹ̀ wọ́n mọ iye kóńgò tó wà nínú àpò ìrẹsì àti èrè orí rẹ̀. Ìṣe ló kọ́ wọn láti kékeré. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti pé mẹ́tàlá, ẹ fi owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan lé e lọ́wọ́. Kí ó béèrè iye kóńgò kan lọ́dọ̀ ẹni méjì kó tó rà. Kí ó ṣírò owó ọkọ̀ láti Challenge sí Dùgbẹ̀, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lálaalẹ́, kí ó sì jíṣẹ́ rẹ̀ ní Sátidé. Bí kò bá tó, ẹ má yára fi kún un. Ẹ jókòó tì í, kí ó fúnra rẹ̀ wá ibi tó ti yingin. Àìtó tó bá a nílé, lójú àgbà, sàn ju èyí tí yóò bá a ní Agbowó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má sì fi òbí ṣe àwáwí. Ẹni tó bá ti gba owó ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí ó kọ́ ìṣirò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Gbogbo wa ni yóò ṣírò iṣẹ́ wa níwájú Ọlọ́hun; ẹ jẹ́ kí a ti ọwọ́ náírà bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.