Ìdúró de Ọlọ́run àti Iṣan Gìgísẹ̀ Tó Já

Bí ẹ̀yà ara kan bá já, ǹjẹ́ ọ̀kan náà ni dídúró de Ọlọ́run àti fífi ọjọ́ falẹ̀? Ìbéèrè yìí wúwo ní etíkun Ìlàjẹ ju ibòmíràn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n yapa kúrò nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tẹ̀dó ní 1947 lábẹ́ Zaccheus Okenla, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olóòótọ́ nínú wọn kò ní tọ́ ikú wò. Ikú wọ ìlú náà bó ti ń wọ ìlú gbogbo, ṣùgbọ́n èrò pé ẹni tó bá tètè wá oníṣègùn ti ṣiyèméjì kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ aládùúrà.

Iṣan gìgísẹ̀, èyí tó so ẹran ẹ̀yìn ojúgun mọ́ egungun gìgísẹ̀, ni iṣan tó nípọn jù lọ nínú ara, òun sì ni ẹsẹ̀ fi ń ta ilẹ̀ nígbà tí apẹja bá ń ti ọkọ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀. Bó bá já, ìrora rẹ̀ lè rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹni náà a sì máa tiro kiri, nítorí pé àwọn iṣan kéékèèké yòókù ṣì lè tẹ ẹsẹ̀ síwájú. Èyí ló ń mú kí wọ́n pè é ní ẹsẹ̀ rírọ́, kí wọ́n fi òróró àdúrà ra á, kí wọ́n sì máa dúpẹ́ pé ó ń sàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹran ti fa iṣan sókè, àpá sì ti dí àlàfo náà, àpá tí kò lè fa gìgísẹ̀ bí okùn ìdákọ̀ró tó ti dẹ̀ kò ṣe lè dá ọkọ̀ dúró.

Onígbàgbọ́ a máa wí pé àkókò kò de Ọlọ́run. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkókò de ẹran ara, ẹni tó bá sì fi ìwà Ọlọ́run wọn ẹsẹ̀ ènìyàn ti ṣi ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ lò. (Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àdúrà o: láti Ayétòrò, omi ni wọ́n ń gbà dé Igbókòdá kí wọ́n tó rí ọ̀nà Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, owó ọkọ̀ kì í sì í wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.)

Nígbà tí iṣan bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, oníṣẹ́ abẹ kì í sábà lè rán etí méjèèjì pọ̀ lásán. Ó lè fa ara iṣan òkè wá sílẹ̀, tàbí kí ó gé iṣan tó ń ká àtàǹpàkò ẹsẹ̀, kí ó sì dè é mọ́ egungun gìgísẹ̀. Ìwòsàn yìí kì í ṣe ìdápadà ohun àtijọ́, nítorí pé ẹ̀yà kan ló fi agbára tirẹ̀ sílẹ̀ fún òmíràn, ẹran ẹ̀yìn ojúgun sì lè máà le tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Pé ìwòsàn ń béèrè akitiyan kò sì ta ko èrò Yorùbá: Wándé Abímbọ́lá ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé ẹsẹ̀ ni àmì akitiyan, àti pé orí tó yan ire kò lè dé ibẹ̀ láìsí ẹsẹ̀. Èrò yìí bá ọ̀rọ̀ mu ju èyí tó fi gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún àyànmọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni sùúrù tó wá ní àyè tirẹ̀: wọ́n á di ẹsẹ̀ náà pẹ̀lú ìka tó kọjú sílẹ̀, aláìsàn kò ní tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á máa gbé gìgísẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa fi eré ìdárayá kọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà títí dé ọdún kan. Kí wòlíì tó bá rí ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nà ga lórí ìka gbàdúrà fún un, kí ó sì bá a wá ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókòdá lọ́jọ́ náà gan-an.