Ta Ni Ó Yẹ Kí A Fa Kọ́kọ́rọ́ Lé Lọ́wọ́?

Ìbéèrè kan wà tí ó ti pẹ́ láyé: bí a bá fẹ́ fa agbára lé ènìyàn lọ́wọ́, ṣé ìmọ̀ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ wò ni, tàbí ìwà rẹ̀? Ọba àti baálẹ̀ nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí kàn. Ó kan ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ àbójútó sáfà pẹ̀lú, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn gbójú lé ní ilé ìfowópamọ́, ilé ìwòsàn àti yunifásítì.

Linux ni ó ń darí ọ̀pọ̀ irú sáfà bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Helsinki, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1991. A kò fi Linux pamọ́: ẹnikẹ́ni lè ka bí a ṣe kọ ọ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, ọmọ tálákà tí ó ní ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan lè fi kọ́ iṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń san owó lé lórí. Ilẹ̀kùn ìmọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn agbára kò gbọdọ̀ ṣí bẹ́ẹ̀.

Nínú Linux, ipò kan wà tí à ń pè ní root, ìyẹn gbòǹgbò. Ẹni tí ó bá wà ní ipò yìí lè ka lẹ́tà ẹlòmíràn, ó lè yí àkọsílẹ̀ owó oṣù padà, ó sì lè fi àṣẹ kúkúrú kan pa iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá rẹ́. Ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àṣẹ root.

Àwọn kan a máa sọ pé òfin àti ìṣọ́ ti tó. Wọn a tọ́ka sí sudo, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1980. Sudo ń jẹ́ kí a bu ìwọ̀nba agbára tí iṣẹ́ òṣìṣẹ́ gbà fún un, ó sì ń kọ orúkọ ẹni tí ó pàṣẹ sílẹ̀. Òótọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ náà bá wà lórí sáfà kan náà, ẹni tí ó ní gbogbo agbára root lè pa á rẹ́. Ta ni yóò wá ṣọ́ ọlọ́dẹ? Bóyá ìdí nìyí tí sudo fi ń gba ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lò ó nímọ̀ràn mẹ́ta lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà: kí ó bọ̀wọ̀ fún àṣírí ẹlòmíràn, kí ó ronú kí ó tó tẹ̀wé, kí ó sì rántí pé ẹrù ńlá ń bá agbára ńlá rìn.

Síbẹ̀, ìwà rere nìkan kò tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ó rò pé sáfà kan ni òun wà, ó sì pa ohun tí ó wà lórí òmíràn rẹ́. Kò ní èrò ibi lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ náà wá rí i pé àwọn ọ̀nà ìpamọ́ ẹ̀dà tí wọ́n gbójú lé kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ẹ̀dà kan tí ó ti tó wákàtí mẹ́fà ni ó yọ wọ́n. Wọn kò bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Àìpé ìmọ̀ ni ó fa àdánù. Òtítọ́ ni ó sọ àdánù náà di ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn.

Orí kọ̀ǹpútà gan-an ni a ti ń ṣe RHCSA, ìdánwò tí Red Hat gbé kalẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ohun tí ọwọ́ lè ṣe ni ó ń wò. Kò sí olùdánwò tí ó lè wo ohun tí ènìyàn yóò ṣe lóru, nígbà tí ó bá ku òun àti lẹ́tà onílẹ́tà. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìíní ni ó ti yẹ kí olùkọ́ máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìkóra-ẹni-níjàánu: kí ó má lo root níbi tí kò pọn dandan, kí ó má ṣí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó sì tètè jẹ́wọ́ àṣìṣe. Wọ́n ní ẹrù amúkùn-ún wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀.